Yíàpíìsì Tí Kì Í Gbé Ọ̀rọ̀ Mì

Yantala, Niamey,
lẹ́yìn ìrun àárọ̀.

Ràfíátù ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Ìyá Olówùú,

Mo kí ọ púpọ̀. Mi ò ní béèrè bí ara rẹ ṣe rí, torí bí o bá tiẹ̀ pè láti dá mi lóhùn, mi ò ní gbọ́. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó o wà lálàáfíà ní Zinder ọ̀hún, kí iṣẹ́ tuntun tó o torí ẹ̀ fi wá sílẹ̀ bá ọ lára mu. Èmi wà níbí. Mò ń jẹ, mò ń kírun, mo sì ń ka ọ̀rọ̀ tó o tẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi lákàtúnkà títí iná fóònù fi ń kú mọ́ mi lọ́wọ́.

O ní owó oṣù tí àwọn agbẹ́kànga yẹn ń san fún ọ kò tíì tó ohun tí èèyàn ń fi ṣe fàájì, pé kí n sọ irú yíàpíìsì tó ń dún dáadáa tí kò sì ní gbọ́n àpò rẹ gbẹ, torí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú àgbá. O fẹ́ fi gbọ́ ohùn ìyá rẹ tó wà lórí fóònù rẹ, èyí tó fi ránṣẹ́ sí ọ kó tó kú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ o wá kọ gbólóhùn kan mọ́ ọn ní Faransé, tí mi ò tíì sùn dáadáa láti ìgbà tí mo ti kà á: *là où Maman m'a dit de ne pas venir.* Ibi tí Màmá ti sọ fún mi pé kí n má wá.

Faransé tèmi kò ju èyí tí mo fi ń bá àwọn aṣọ́bodè jiyàn lọ, ṣùgbọ́n mo mọ *ne pas*. Kò sí bí èèyàn ṣe lè fa *ne pas* gùn tó máa yí padà di òdìkejì ara rẹ̀. Yorùbá tiwa ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ràfíátù, ìyá rẹ kò sọ pé kó o má bọ̀. Máa bọ̀ ló sọ. Òun sọ èyí tó gùn, ìwọ gbọ́ èyí tó kúrú, èmi tó sì yẹ kí n wà láàárín yín kí n tún un ṣe, etí mi ti kú.

Mo mọ̀ pé o lè má gbà mí gbọ́. Lọ́jọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ, ẹnu èmi fúnra mi ni mo fi sọ fún ọ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló wí. Màá débẹ̀. Ẹ̀rí tèmi kò níyì mọ́. Ohùn tó wà lórí fóònù rẹ nìkan ni ẹlẹ́rìí tó kù, etí rẹ ló sì máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kọ́kọ́ dá ọ lóhùn lórí ohun tó o béèrè, bí ẹni tó ti ń ta nǹkan wọ̀nyí lọ́jà Wadata kó o tó dáyé. Inú mi bàjẹ́ kọjá ohun tí mo lè fi ẹnu sọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Rọra kà á sókè. Ọ̀rọ̀ tó bá ṣòro fún ọ níbẹ̀, gbé e lọ bá ìyá ará Ọ̀yọ́ tó ń ta aṣọ lọ́jà yín, kó túmọ̀ rẹ̀ fún ọ.

Ìkínní, má ra ìwúwo.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, àbúrò bàbá mi fún mi ní tábìlì kan níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Rédíò kékeré ni mò ń tà, àti yíàpíìsì, èyí tí ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé ń pè ní ekutẹ́ẹ̀, àti ńlá tó ń bo gbogbo etí tí ẹ ń pè ní kásìkì. Ọkùnrin kan gbé kásìkì wá láti Cotonou. Páálí rẹ̀ ń dán, ó sì wúwo. Mo fọwọ́ gbé e wò bí ẹni tó ń ra iṣu, mo ní ohun tó bá wúwo tó báyìí, nǹkan gidi ló wà nínú rẹ̀. Mo kó gbogbo ẹrù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí oníbàárà kan dá tirẹ̀ padà tí mo tú u, irin pẹlẹbẹ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ inú ìhà méjèèjì, irin tí kò níṣẹ́ mìíràn ju kó wúwo lọ. Ohun tó ń sọ̀rọ̀ gan-an kò ju bọ́tìnì ẹ̀wù lọ. Obìnrin kan wà ní tábìlì ẹ̀gbẹ́ mi tó ń ta òwú ìránṣọ àti bọ́tìnì. Ó na ọwọ́ mú un, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà tirẹ̀, ó ní, "Tèmi dáa ju tìẹ lọ. Tèmi níhò mẹ́rin." Ìyá rẹ nìyẹn. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà má fọwọ́ wọn ohun tí etí ló yẹ kó wọ̀n. Má sì ra páálí. Orúkọ ńlá tó bá wà lára páálí, tí owó kékeré sì lè rà á, irọ́ ni orúkọ náà. Èyí tí kò lórúkọ tí kò sì díbọ́n sàn jù ú lọ, torí ẹni tó ṣe é kò náwó sórí irọ́.

Ìkejì, gbìn-gbìn kì í ṣe ohùn. Bó o bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́jà níbẹ̀ yẹn, wọ́n á ti gbé orin tó ń mì tìtì sí i, wọ́n á kì í bọ̀ ọ́ létí, wọ́n á ní, "Saurara, Hajiya, saurara," pé kó o gbọ́. Ohun tó o máa gbọ́ ni ìró ìsàlẹ̀ tó ń lu ọ́ nínú orí, orí rẹ á wú, o ò ní bìkítà mọ́ bóyá ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ọgbọ́n yẹn, mo ti fi ta ọjà fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìró ìsàlẹ̀ tó pọ̀ jù a máa gorí ọ̀rọ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Sọ fún ọlọ́jà pé o ò fẹ́ orin. Ní kó gbé wáàsí sí i, tàbí ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ń sọ̀rọ̀ lásán láìsí ìlù. Bó bá ń kùn pé ìwọ oníbàárà yìí le, jẹ́ kó máa kùn.

Ìkẹta ni mo fẹ́ kó o dì mú jù. Lásìkò tiwa, mo ní kásẹ́ẹ̀tì kan tí mo fi ń dán ọjà wò, tí àwọn ará Wadata fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá rẹ ni mo bẹ̀ kó sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Mo ní kó wá gbólóhùn kan tí yíàpíìsì burúkú máa gbé mì. Ó ronú, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ọkọ mi gbé ọkọ́ sínú ọkọ̀." Bí yíàpíìsì bá dáa, wàá gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kálukú lórí àga tirẹ̀. Bí kò bá dáa, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á di nǹkan kan náà, o ò ní mọ ta ló wọ ọkọ̀ àti ta ló gbé ta. Mo ti gbọ́ ọ títí kí n tó rí i pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ inú rẹ̀, èmi ló ń bá wí. Wọn kò tíì gbé owó orí kankan nígbà náà. Bí mo ṣe mọ̀ pé ó ti gbà nìyẹn.

Kásẹ́ẹ̀tì náà ti bàjẹ́. Yanrìn wọ inú rẹ̀, ooru sì mú un ká kò. Bí kò tiẹ̀ bàjẹ́, kí ni màá fi gbọ́?

Ìwọ ṣe tìrẹ báyìí. Kó o tó lọ sọ́jà, gba ohùn ara rẹ sínú fóònù. Ọ̀rọ̀ tó o máa sọ ni *má bọ̀* àti *máa bọ̀*. Sọ èyí tó bá kọ́kọ́ wá sí ọ lẹ́nu, dà wọ́n pọ̀, sọ wọ́n títí wàá fi gbàgbé bó o ṣe tò wọ́n. *Má* kúrú, ó lọ sókè, ó dákẹ́ síbẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. *Máa* gùn, ó lọ sókè, ó sì tún sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kó tó kan *bọ̀*. Tó o bá dé ìdí ọjà, fi ohùn náà sí yíàpíìsì tí wọ́n bá mú wá, kó o sì máa fi ìka ọwọ́ kà á: èyí kúrú, èyí gùn. Èyí tó bá jẹ́ kó o mọ̀ wọ́n yàtọ̀ láìṣiyèméjì, òun ni kó o rà, kódà bó bá rí bí ìdọ̀tí. Èyí tó bá mú kó o máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì, dá a padà.

Mo bẹ̀ ọ́, má fi ohùn ìyá rẹ dán ọjà wò lójú ọlọ́jà. Kì í ṣe ohun tí à ń gbọ́ lórí ìdúró, tí ẹnì kan sì ń na ọwọ́ pé kó o mú ọjà òun wá.

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ti kọ́ ọ ní má àti máa tipẹ́tipẹ́. Yorùbá tá a fi ń bá ọ wí nínú ilé la fún ọ, a ò fún ọ ní èyí tí èèyàn fi ń ro nǹkan. "Wá jẹun," "gbálẹ̀," "ta ló bá ọ wá?" Ìyókù, a ní ilé ìwé á ṣe é. Ilé ìwé sì ṣe tirẹ̀, ní Faransé. Ìyá rẹ máa ń ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ó ń gbọ́ mi." Ó dá a lójú pé o ń gbọ́ òun.

Ìkẹrin, ra èyí tó ní wáyà. Mo mọ̀ pé kò bóde mu mọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ní ọ́fíìsì á fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Èyí tí kò ní wáyà tí owó kékeré lè rà, gbogbo owó tó yẹ kí wọ́n ná sórí ohùn ni wọ́n ti ná sórí bátìrì àti àpótí kékeré tó ń tan iná. Ohùn tó kù níbẹ̀, àjẹkù ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, irú rẹ̀ a máa sùn. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá dákẹ́ díẹ̀, á tòògbé, ìgbà tí onítọ̀hún bá tún sọ̀rọ̀ ni á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jí, á sì ti gé orí ọ̀rọ̀ tàbí ìrù rẹ̀ jẹ. Ẹni tí èémí rẹ̀ ń já, tó ń sọ ọ̀rọ̀ kan tó ń sinmi, irú yíàpíìsì bẹ́ẹ̀ á jẹ ẹ́ run.

O mọ ibi tí mò ń lọ. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, tó ń dún bí àgbá, èmi ni mo fún ọ lọ́jọ́ tó ò ń lọ. Mo mú un nínú ọjà tó kù ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní ọmọ mi ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ ìgbàlódé, kó lo ohun ìgbàlódé. Mi ò dán an wò. Kí ni mo fẹ́ fi dán an wò? Etí mi ti ń lọ nígbà náà, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, àgàgà ìyá rẹ. Mo kàn ṣí i, mo rí i pé ó tan iná búlúù, mo ní ó dáa.

Etí mi yìí náà ni ìkarùn-ún, àbí ìkẹfà, mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, bí ọjà kò bá tà, ẹ̀rọ agbóhùnjáde ńlá ni mò ń gbé kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi, màá yí i dé òpin, kí wọ́n lè gbọ́ mi láti ibùdókọ̀. Yíàpíìsì náà, bí ariwo ọjà bá bò ó, màá tún yí i sókè sí i. Ìyá rẹ á fi ọwọ́ di etí rẹ̀, á ní, "Ó ń bọ̀ wá san án o." Mo sì ní kó lọ ta bọ́tìnì rẹ̀. Ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ bí ìró ẹ̀fọn nínú yàrá. Lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ ẹ̀fọn gidi mọ́, ohùn obìnrin tẹ̀lé e lọ, ohùn ọmọdé tẹ̀lé e. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Èmi tí mo ta ìgbọ́ràn fún ìdajì Niamey, tèmi ló kọ́kọ́ tán.

Nítorí náà, gbọ́ ọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Yíàpíìsì tó dáa kì í bẹ ọ́ kó o yí i sókè. Ohùn rẹ̀ á kéré, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á pé. Ohun tó sì ń ran èyí lọ́wọ́ jù ni kó bá ihò etí rẹ mu. Rọ́bà kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀, oríṣi mẹ́ta ni wọ́n máa ń kó sínú páálí, kékeré, àárín, ńlá. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n á ní yíàpíìsì kò dáa, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ló ń wọlé. Gbìyànjú gbogbo rẹ̀, etí ọ̀tún lè má gba ti òsì. Bí kò bá sí rọ́bà mìíràn nínú páálí, béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà, ó ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kàn fi í pamọ́ ni.

Tẹ wáyà rẹ̀ kó o tó sanwó, pàápàá ibi tó ti wọnú irin tí à ń kì bọ fóònù. Máa rọ̀ ọ́ sọ́tùn-ún sósì bó ṣe ń dún. Bó bá ń já tó ń so, ó ti ń kú lọ nìyẹn. Wò ó bóyá ihò tó bá a mu wà lára fóònù rẹ, kó o má baà gbé e délé kó o tó mọ̀. Ńlá tó ń bo etí dáa, àmọ́ awọ ayédèrú tí wọ́n fi ṣe etí rẹ̀ kì í fara da ooru yín, á máa bó bí ara alángbá. Kékeré ni kó o rà. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá sì dákẹ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, má sáré jù ú nù. Eruku ọyẹ́ tàbí ìdọ̀tí etí ló máa ń di ẹnu rẹ̀. Fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó gbẹ gbá a, dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀ kí ìdọ̀tí má baà wọnú lọ. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n gbé wá fún mi pé ó ti kú, ìdọ̀tí ló pa á.

Ó tán. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ láyé nìyẹn, kò sì pọ̀. Ó ku ọ̀rọ̀ tiwa.

Mo mọ ìdí tó fi rọrùn fún ọ láti gbọ́ *má bọ̀*. Ní òwúrọ̀ tó ò ń lọ Zinder, ìyá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bó o bá ti lọ, má bojú wẹ̀yìn." Àìsàn ti ń ṣe é, ẹ̀rù ń bà á, ìbínú ló fi bo ẹ̀rù náà. O gbé gbólóhùn yẹn lọ, o sì fi ń tú gbogbo ohun tó tún sọ lẹ́yìn rẹ̀.

Àmọ́ gbọ́ ohun tó ṣe ní ọjọ́ tó fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ. Wọ́n ti ní ká máa gbé e lọ sílé láti ọsibítù. Ó kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí Màmá Hàwá aládùúgbò wa pé kó bá òun po kópítò, ewé tí àwọn ará ilé ń pè ní mọ̀ríńgà, kó fi kúlíkúlí àti àlùbọ́sà sí i bó o ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ ẹ́, o mọ̀. Ó ní kí n tẹ́ ẹní rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ṣé ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọ òun bọ̀ ló ń tẹ́ ẹní fún un? Lẹ́yìn ìyẹn ló ní kí n di fóònù mú sí òun lẹ́nu. Ó sọ̀rọ̀, ó sinmi, ó tún sọ̀rọ̀. Mi ò gbọ́. Ẹnu rẹ̀ ni mò ń wò, ẹnu náà sì là fún ìgbà díẹ̀ kó tó pa dé.

Kò pẹ́ tí ìdáhùn rẹ dé, ní kíkọ: *D'accord, Maman.* Mo fi hàn án. Mo ní, "Ó ti gbà. Ó ń bọ̀." Faransé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yìn lókè yẹn náà tàn mí jẹ. Ìwọ gbà pé o ò ní wá, èmi kà á pé ò ń bọ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ yẹn àti ọjọ́ kejì, bí ẹnikẹ́ni bá ti wọlé, ojú rẹ̀ á lọ síbẹ̀. Màmá Hàwá wọlé, ó wò ó. Ẹni tó ń gbé omi wá wọlé, ó wò ó. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, kò wo ibì kankan mọ́. Kópítò náà ti kan, mo dà á fún ewúrẹ́.

Lọ́jọ́ àdúà, àgbàlá kún. Àwọn àfáà ń ka Kùránì, abọ́ ń lọ abọ́ ń bọ̀, àwọn aládùúgbò wa tó ń sọ Zarma ń wọlé, wọ́n ń di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń wí pé, "Kala suuru," pé sùúrù nìkan ló kù. O wá kúnlẹ̀ tì mí, o fi ẹnu sí mi létí. Ohun tí mo gbọ́ ni, "Bàbá, Màmá ní kí n máa bọ̀," ìyókù sì wọ inú ariwo lọ. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló wí." O gbé orí sókè, o wò mí. Mo rí ètè rẹ tó ní, "Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ?" Ojú tì mí láti sọ pé mi ò gbọ́. Mo ní, "Ṣebí èmi ni mo di fóònù mú."

Ẹyin lọ̀rọ̀. O dìde, o fi ìborùn bo ojú, o sì wọ bọ́ọ̀sì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Inú bí mi sí ọ. Mo ní ọmọ yìí mọ̀ pé ìyá òun pe òun, kò wá, kò sì wí pé ẹ má bínú. Ìyẹn ló mú kí n má kọ nǹkan kan sí ọ láti ìgbà náà. Ìwọ ní tìrẹ wà lọ́hùn-ún, o gbà pé ìyá rẹ lé ọ, pé bàbá rẹ sì jẹ́rìí sí i. Ó wá jẹ́ pé nítorí yíàpíìsì lo ṣe tún bá mi sọ̀rọ̀.

Mo rò ó títí bóyá kí n kọ èyí tàbí kí n jẹ́ kó rí bó ṣe rí. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé bó o bá wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, o kì bá tí bá a láàyè. Ó ṣeé ṣe kó o bá a. Pé ìyá ẹni ní kéèyàn má bọ̀, ó burú. Pé ó ní kéèyàn máa bọ̀, tó ń wo ilẹ̀kùn, tí èèyàn kò sì wá, mi ò mọ̀ bóyá èyí sàn ju ìyẹn lọ. Àwọn tó gbọ́n jù mí lọ ni kó sọ ọ́. Mo kàn rí i pé èkíní kì í ṣe òótọ́, mi ò sì lè jẹ́ kó o gbé irọ́ pọ̀ mọ́ òfò. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, tèmi ti dé, kò sì jọ pé ó máa lọ.

Ra yíàpíìsì náà. Lọ sí ibi tó dákẹ́, jókòó, kó o gbọ́ ọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Má wá ọ̀rọ̀ mìíràn níbẹ̀, wá ibi tó ti dé *bọ̀*, kó o gbọ́ ohun tó ṣáájú rẹ̀, bóyá ó kúrú tàbí ó gùn. Bí o bá gbọ́ ọ tán, tó o bá bínú sí mi, o jàre. Bó o bá sunkún, má ṣe pè mí láti jẹ́ kí n gbọ́ ọ, torí mi ò ní gbọ́ ọ, ìyẹn á sì dùn mí ju ẹkún náà lọ.

Ẹní rẹ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bó o bá dé, má kan ilẹ̀kùn, má sì dúró lóde kó o máa pe "Bàbá," wàá dúró títí. Wọlé, kó o fọwọ́ kàn mí léjìká.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí mo fẹ́ bá ọ sọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ̀rọ kankan má baà gbé e mì, kí etí èmi tàbí tìrẹ má baà bà á jẹ́. Lẹ́tà *a* tó wà nínú rẹ̀, méjì ni. Fi ìka tọ́ wọn kó o tó pè é.

Máa bọ̀.

Bàbá rẹ.